Aránṣọ Pọ́bẹ̀ Dé Àkpàkpà

Ní Pọ́bẹ̀, kò sí ẹni tó ń dúró kí Monísọ́lá wọn òun kí ó tó ránṣọ fún òun. O kàn máa gbé aṣọ rẹ lé orí tábìlì rẹ̀ ni, o máa béèrè àlàáfíà ilé, o sì máa bá tìrẹ lọ. Ó ti mọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ó mọ̀ pé èjìká ọ̀tún ìyàwó olùkọ́ àgbà relẹ̀ ju ti òsì lọ. Ó mọ ẹni tó lóyún kí ọkọ onítọ̀hún tó mọ̀, ó sì mọ ẹni tó ń sọ káàkiri pé òun ti ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i nígbà tí ìbàdí rẹ̀ ń sọ nǹkan mìíràn. Téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Àlejò nìkan ló ń fi í wọ̀n.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi jókòó sí ìsọ̀ yẹn. Ọmọbìnrin mẹ́rìndínlógún ló kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí. Gbogbo ìlú ń pè é ní Màdáàmù, kì í sì í ṣe màdáàmù orí ahọ́n o. Bí ó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àjíǹde, nínú obìnrin mẹ́wàá tó bá pàdé, mẹ́fà ló wọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ rọra rìn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ kí ó lè rí gbogbo wọn dáadáa. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, obìnrin náà fẹ́ràn ara rẹ̀. Èmi kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ tó báyẹn tí kò sì fẹ́ràn ara rẹ̀, ta ló fẹ́ kí ó bá òun fẹ́ràn rẹ̀?

Òjó ọkọ rẹ̀, akọ̀wé ìjọba ni. Lóṣù keje, ìwé dé pé wọ́n ti gbé e ga, kí ó máa bọ̀ ní ọ́fíìsì kan nítòsí èbúté ní Kútọ̀nú. Àwọn ẹbí pé jọ, wọ́n ṣe ìdúpẹ́. Monísọ́lá náà dúpẹ́, ó jó, ó pín oúnjẹ kiri, lẹ́yìn náà ló wọ yàrá lọ tó lọ sunkún sínú ìrọ̀rí. Kò ní àwáwí tó lè ṣe. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Ọpẹ́olúwa, ti wà nílé ẹ̀kọ́ gíga ní Àjàṣẹ́, kò sí ọmọ tó máa sọ pé òun ń dúró tì. Ó fi ìsọ̀ sí ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ níṣẹ́, ó di ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ bí ẹni di ìkókó, wọ́n sì gbéra.

Yàrá méjì ni wọ́n háyà ní Àkpàkpà, àdúgbò kan ní Kútọ̀nú, nínú ọgbà kan tí ìdílé méje ń gbé. Ilẹ̀ Pọ́bẹ̀ pupa, ó sì le lẹ́sẹ̀. Ti Àkpàkpà, iyanrìn ni, ẹsẹ̀ a máa rì sínú rẹ̀. Láti òwúrọ̀ ni àwọn sẹ́mì, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà ìlú náà, á ti máa dún kọjá lẹ́nu ọ̀nà lọ sí ibi afárá orí ọ̀sà. Àwọn aládùúgbò kò burú. Wọ́n ń kí i ní èdè Gùn, àwọn kan ń kí i ní Faransé, ṣùgbọ́n orí ìrìn ni wọ́n ti ń kí i. Ní Pọ́bẹ̀, ìkíni a máa gbà tó ìdajì wákàtí, èèyàn á sì ti gbọ́ ẹni tó kú, ẹni tó bímọ àti ẹni tó lé ìyàwó lọ kó tó dé ibi tó ń lọ.

Ohun tó dùn ún jù kọ́ nìyẹn o. Ohun tó dùn ún jù ni pé kò sí ẹni tó ń wo aṣọ rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó wọ gáùn olómi aró tó fi ọ̀sẹ̀ méjì rán fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ti tìtorí rẹ̀ dá a dúró nígbà mọ́kànlá ní ọjà Pọ́bẹ̀. Ó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé oríta, ó ra ìyọ̀ tí kò nílò, ó sì padà. Ẹnì kan kò bi í pé ta ló rán an.

"Bàbá Ọpẹ́," ó sọ fún ọkọ rẹ̀, "bí mo bá jáde ní ìhòòhò ní ìlú yìí, wọ́n á ní kí n yà fún sẹ́mì kó kọjá."

Òjó bú sẹ́rìn-ín. Àṣìṣe ńlá ló ṣe. Gàrí ló mu lálẹ́ ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì po ó.

Oṣù méjì kọjá, ẹ̀kẹta wọlé. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́bàá fèrèsé, aṣọ bò ó. Àárò ilé ń sọ Monísọ́lá débi pé bí ó bá gbọ́ Nàgó, èdè ìlú rẹ̀, lójú ọ̀nà, á yíjú padà kíákíá bí ẹni tí wọ́n pè. Síbẹ̀ ó kọ̀, kò fẹ́ mọ ẹnikẹ́ni. Ó ń gbé ọgbà kan náà pẹ̀lú ìdílé mẹ́fà, kò sì mọ orúkọ ẹyọ ẹnì kan. Lọ́kàn rẹ̀, ìyá oníbejì wà, ọkùnrin oníwúkọ́ wà, ìyá tó máa ń fọṣọ ní ọjọ́ Mọ́ńdè wà, ó parí. Kì í ṣe ìgbéraga o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbéraga ni wọ́n pè é. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó rò pé ọjọ́ tí òun bá ti mọ orúkọ wọn ni Pọ́bẹ̀ máa bọ́ lọ́wọ́ òun.

Ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń gbádùn. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà ní Àkpàkpà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń fi Nàgó ṣe ìsìn àárọ̀. Á lọ, á jókòó sẹ́yìn, á kọrin títí ọ̀fun rẹ̀ á fi gbẹ, á sì jáde kí ẹnikẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀. Òjó ọkọ rẹ̀ kì í sá ní tirẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ó fa ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ lọ bá Ìyá Olúwadára, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ akọrin obìnrin.

"Ìyá, ìyàwó mi nìyí. Láti Pọ́bẹ̀ dé Kétu, kò sí aránṣọ méjì bíi tirẹ̀."

Ìyá Olúwadára wo Monísọ́lá láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣé òótọ́ ni, ìyàwó wa?"

"Ẹnu wọn lẹ ti gbọ́ ọ, ìyá." Ṣùgbọ́n ó na ọrùn rẹ̀ díẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

"Ó dáa. Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Àwa obìnrin akọrin jẹ́ mẹ́rìnlélógún, aṣọ wa sì ti gbó. A kò fẹ́ èyí tó rí gbàgẹ̀rẹ̀ bí àpò mọ́. A fẹ́ gáùn tó mọ́ni lára. Nígbà wo lẹ máa wá wọ̀n wá?"

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí ẹ tó kọrin tán, mo ti wọ̀n yín tán."

Ìyá àgbà náà rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Bí Monísọ́lá bá fa téèpù yọ, ó di dandan kó béèrè orúkọ, kó dáhùn ibi tó ti wá, kó jókòó gbọ́ ìtàn ọmọ àti ti ọkọ. Kò ṣetán fún ìyẹn. Àti pé, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, ó fẹ́ kí ẹnu yà wọ́n.

Nígbà tí wọ́n délé, ó pe ọkọ rẹ̀ jókòó. "Bàbá Ọpẹ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan. Mo máa rán aṣọ yìí. Bí ó bá yọrí sí rere, mo máa fìdí kalẹ̀ síbí, ẹ kò ní gbọ́ ìráhùn mi mọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi mí ṣẹ̀sín, mo ń padà sí ìsọ̀ mi ní Pọ́bẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀yin á máa wá bá mi ní gbogbo Sátidé."

Òjó wò ó. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n ti fẹ́ra, ó mọ ìgbà tí obìnrin náà ń ṣeré àti ìgbà tí kò ṣeré. "Mo gbọ́," ló sọ. Mo sì lè sọ fún yín pé ọkùnrin yẹn, tó máa ń sùn bí wọ́n bá ń ka Bíbélì, gbàdúrà gan-an láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú, Monísọ́lá jókòó sẹ́yìn àwọn akọrin gan-an. Ìlà mẹ́rin ni wọ́n, mẹ́fà mẹ́fà. Wọ́n dìde, wọ́n kọ orin ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún, ó sì fi ojú wọ̀n wọ́n láti orí ìlà kìíní dé ìkẹrin. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan: ìlà kìíní, ìjókòó kìíní, àyà báyìí, ìbàdí báyìí, apá kúrú. Kò kọ orúkọ kankan. Kí ni wọ́n fẹ́ fi orúkọ ṣe? Ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ní Pọ́bẹ̀, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní bẹ́ǹṣì tirẹ̀, akọrin kọ̀ọ̀kan ló sì ní àyè tirẹ̀. Ibi tí ìyá rẹ bá jókòó sí ni ìwọ náà máa jókòó sí títí tí wọ́n á fi gbé ọ lọ. Bí àlejò bá ṣèèṣì jókòó síbẹ̀, àwọn àgbà á máa wúkọ́ títí á fi dìde. Pé ibòmíràn wà ní ayé Kristẹni tí nǹkan kò rí báyẹn, kò wá sí i lọ́kàn rárá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó tẹ̀ lé e dùn mọ́ ọn. Ó ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó da epo sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rán aṣọ búlúù tí ẹgbẹ́ akọrin kó fún un. Ìró ẹ̀rọ náà gba gbogbo ọgbà. Ìyá oníbejì wá yọjú lójú fèrèsé, ó fọwọ́ pa aṣọ búlúù náà, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan ní Gùn tí Monísọ́lá kò gbọ́, ṣùgbọ́n ó rí i lójú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ rere ni. Inú rẹ̀ dùn títí di alẹ́. Nígbà tó parí, ó fi pínnì gán ìwé kékeré mọ́ gáùn kọ̀ọ̀kan: ìlà yìí, ìjókòó yìí.

Lọ́sàn-án Sátidé tí Ìkórè ku ọ̀la, àwọn akọrin pé sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì láti dán orin wò. Monísọ́lá wọ gáùn olómi aró rẹ̀. Ó tẹ́ ẹrù sílẹ̀ lórí tábìlì.

"Kí kálukú mú ti ìjókòó rẹ̀."

"Ìjókòó wo?" Àdùní ló béèrè, obìnrin kan tó sanra dáadáa, tí ohùn rẹ̀ nípọn ju ti ọkùnrin mìíràn lọ.

"Ibi tí ẹ jókòó sí."

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ka bẹ́ǹṣì, kálukú mú èyí tó bá ibi tó jókòó sí lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn mu, wọ́n sì wọ yàrá kejì lọ. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Ti Àdùní gba orí kọjá, ó dé èjìká, ó sì dúró síbẹ̀. Tinúkẹ́, tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù nínú ẹgbẹ́, jáde wá nínú èyí tó lè gba òun àti ọkọ rẹ̀. Ẹnì kan ń wọ́ tirẹ̀ nílẹ̀, ti ẹlòmíràn kò dé orúnkún.

"Ṣé báyìí ni wọ́n ń ránṣọ ní Pọ́bẹ̀ ni?" ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn, gbogbo gbọ̀ngàn sì hó gèè.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Monísọ́lá lára ṣinṣin. Bó bá jẹ́ òun nìkan ni wọ́n fi ṣẹ̀sín, bóyá ì bá gbà á mọ́ra. Ìlú rẹ̀ ni wọ́n dárúkọ. Ojú rẹ̀ ṣú. Kò mọ ibi tí ó ti ṣì í, kò sì fẹ́ dúró mọ̀ ọ́n. Ó mú báàgì rẹ̀, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Lọ́kàn rẹ̀, ó ti wà nínú mọ́tò Pọ́bẹ̀, ó ti kọjá Àjàṣẹ́.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà níta nígbà tó gbọ́ ọ: ìró òwú tó ń já. Àdùní ló ń fi agbára fa gáùn náà sísàlẹ̀.

Monísọ́lá yí padà. "Ẹ FI AṢỌ YẸN SÍLẸ̀!"

Ohùn tó fi ń darí ìsọ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún ni. Gbogbo ẹ̀rín dá. Ìyá Olúwadára alára, tó ti fi ogójì ọdún bá ọmọ ilé ìwé wí, na ẹ̀yìn rẹ̀ ró ṣánṣán.

"Ẹ bọ́ ọ. Ẹ rọra bọ́ ọ. Tiyín kọ́ nìyẹn, ṣé ẹ kò rí i ni? Tiyín wà lọ́rùn ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Ẹ gbé e fún wọn!" Ó ti ju báàgì sílẹ̀. Ó wọ àárín wọn. "Ẹ̀yin, ẹ mú ìyẹn wá. Ẹni tó ga yìí ló ni ín, ọrùn yín gùn, mo fi ìka méjì kún un. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fara ti ẹsẹ̀ òsì bí orin bá gùn, tiyín nìyí, mo gbé etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè lápá kan. Ẹ̀yin, ẹ̀yìn yín tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ẹ ru ẹrù wúwo nígbà èwe."

"Mo rù ú," obìnrin náà dáhùn pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Iyanrìn odò ni."

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọ yàrá kejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń jáde. Gáùn ń bọ́ sí ìbàdí, ó ń jókòó lórí èjìká, bí ìgbà tí wọ́n bí i mọ́ wọn. Àdùní jáde, ó yí po lẹ́ẹ̀mẹta, ó wo ara rẹ̀ nínú gíláàsì fèrèsé, ó sì dákẹ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

"Ẹ dákun," Ìyá Olúwadára wá sọ nígbà tí nǹkan rọlẹ̀, "ta ló sọ fún yín pé a ní ìjókòó?"

Monísọ́lá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń jókòó ní Pọ́bẹ̀. Kó tó parí, ẹ̀rín ti tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kò ta á lára. "Ìyàwó wa," ni Àdùní sọ, "àwa tí à ń ti òdìkejì ọ̀sà bọ̀, afárá ló ń yan ìjókòó fún wa. Bí ọ̀nà bá dí, ẹ̀yìn. Bí ọ̀nà bá là, iwájú."

Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Monísọ́lá kò béèrè. Òun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì gbà pé òun jẹ̀bi.

Ẹnì kan ló kù tí gáùn rẹ̀ kò bá a mu. Kò sí lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ tí Monísọ́lá fojú wọ̀n wọ́n. Iṣẹ́ ló gbé e lọ sí Sẹ̀mẹ̀, àlejò kan láti Àjàṣẹ́ ló bá wọn kọrin dípò rẹ̀. Monísọ́lá fa téèpù kúrò lọ́rùn ara rẹ̀. Ó na apá obìnrin náà, ó sì béèrè ohun tí kò tíì bi ẹnikẹ́ni láti ìgbà tó ti dé Kútọ̀nú.

"Kí lorúkọ yín?"

"Ọlámidé. Ará Kétu ni mí. Ọdún kẹsàn-án mi rèé níbí." Bí Monísọ́lá ṣe ń gún pínnì mọ́ aṣọ náà lára rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ lọ. "Lọ́dún àkọ́kọ́, mo máa ń lọ jókòó síbi tí mọ́tò Kétu ń dé sí. Mi ò retí ẹnikẹ́ni o. Mo kàn fẹ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn. Àwọn awakọ̀ rò pé orí mi ti dàrú."

Pínnì mẹ́rin wà lẹ́nu Monísọ́lá. Omi ojú ló jáde, ó sì jẹ́ kó máa ṣàn. Inú rẹ̀ dùn pé òun nìkan kọ́.

Wọ́n bá a gbé ẹ̀rọ wá láti ilé, ó sì tún gáùn náà ṣe kí oòrùn tó wọ̀. Kí wọ́n tó túká, ó bi gbogbo wọn ní orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó so orúkọ kọ̀ọ̀kan mọ́ èjìká kọ̀ọ̀kan, kò sì ṣi ẹyọ kan.

Nígbà tó délé, Òjó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ bíi ti ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. Ó ti gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan, ìdajì tó burú ni. "Ìyá Ọpẹ́, ṣé kí n lọ bá awakọ̀ Pọ́bẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ọ̀la?"

"Kí la tún fẹ́ fi awakọ̀ ṣe?" ló sọ, ó sì wọlé lọ gbé ìkòkò kaná.

Lọ́jọ́ Ìkórè, obìnrin mẹ́rìnlélógún wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní ẹsẹ̀ kan náà, aṣọ búlúù, ọrùn funfun. Àwọn èèyàn dìde láti wò wọ́n. Monísọ́lá náà dìde, àyà rẹ̀ kún débi pé kò lè bá wọn kọ orin. Lẹ́yìn ìsìn, ó dúró sí àgbàlá, kò sá lọ sílé. Ìyá àgbàlagbà kan tí kò rí rí dúró tì í, ó ń wo àwọn akọrin náà bí wọ́n ṣe ń jáde.

"Ta ló rán aṣọ wọ̀nyí?"

"Èmi ni, ìyá." Ó nàka. "Ẹ rí ẹni yẹn? Tinúkẹ́ ni. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ fẹ̀, mo ní láti fi ọgbọ́n gé e. Àdùní ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo bó ṣe jókòó sí i ní ìbàdí, ẹ wò ó dáadáa. Ọlámidé nìyẹn, ará Kétu. Ìyá Olúwadára ló ń rọra bọ̀ yẹn, orúnkún ń dùn wọ́n, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ ìsàlẹ̀ aṣọ wọn."

"Ẹ mọ gbogbo wọn! Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń gbé ìlú yìí?"

"Oṣù mẹ́rin."

"Oṣù mẹ́rin péré?"

"Oṣù mẹ́rin, ìyá. Àkpàkpà ni mò ń gbé, ẹ̀rọ mi ń bẹ lẹ́bàá fèrèsé, ẹ máa gbọ́ ìró rẹ̀ láti ojú ọ̀nà." Ó ti yọ téèpù, ó ti rọra di èjìká ìyá náà mú. "Ẹ yí ẹ̀yìn sí mi díẹ̀. Kí lorúkọ yín?"